Apòògùn Ọjọ́rú

Ayọkankúrò ni àwọn àgbàlagbà àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe orúkọ àpọ́nlé, kì í sì í ṣe èébú pátápátá. Apòògùn ni obìnrin náà. Ó ti kàwé rẹ̀ yege, ó sì ti dúró pẹ́ lẹ́yìn káńtà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó ń ka hóró oògùn sínú ike, tí ó ń sọ fún oníbàárà pé ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́. Àfi bí ó ṣe dìde lọ́jọ́ kan tí ó ní òun ń padà lọ kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ìyẹn ni pé kí apòògùn máa tọ arúgbó lọ sílé, kí ó wo gbogbo oògùn tí arúgbó náà ń lò, èyí tí dókítà kọ, èyí tí aládùúgbò bùn ún, èyí tí ó ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí láti ayébáyé, kí ó sì yọ èyí tí kò ṣe é lóore mọ́ kúrò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ nípa aránṣọ tí ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ, ṣùgbọ́n òun kò tí ì gbọ́ nípa èyí tí wọ́n ń kọ́ ní bí a ṣe ń já bọ́tìnì. Ó wá ní, "Ìwọ lo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ebi bá dé, má wá yọ ọ̀kan kúrò nínú ẹran ọbẹ̀ mi."

Ọdún kan gbáko ni ẹ̀kọ́ náà. Àwọn kan a máa pè é ní ìwé kíkà, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ tí ẹlòmíràn dúró tì ọ́ tí ó ń wò bí o ṣe ń ṣe é. Ẹni tí ó dúró ti apòògùn wa yìí ni ọkùnrin tín-ín-rín kan tí irun rẹ̀ ti funfun, apòògùn àgbà tí ó ti lo ìdajì ayé rẹ̀ nínú yàrá àwọn arúgbó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Báwo-lo-ṣe-mọ̀, nítorí pé ìbéèrè tí ó ń bi gbogbo ènìyàn nìyẹn. Bí o bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, á bi ọ́ pé báwo lo ṣe mọ̀, nígbà tí omi ń kán tó-tó-tó lára ẹ̀yin méjèèjì.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, nítorí náà ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ náà kì í sì í yẹ̀. Ilé Màmá Olùkọ́ bọ́ sí Ọjọ́rú.

Màmá Olùkọ́ ti jẹ́ ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tí ì fẹ̀yìn tì lára wọn. Bí o bá ká kò lórí àga, wọn á ní kí o na ẹ̀yìn rẹ. Bí o bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàbọ̀, wọn á máa wò ọ́ títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi parí rẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan ni wọ́n ń dá gbé láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Yàrá wọn wà lókè, níwájú ilé, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí títì àti sí ọgbà iléèwé tí wọ́n ti ṣe ọ̀gá rí. Láràárọ̀ ni wọ́n ń jókòó sójú fèrèsé yẹn láti wo àwọn ọmọ tí ó pẹ́ dé. "Alápò pupa yẹn tún ti pẹ́ o," ni wọn a wí, bí ẹni pé ẹnìkan ṣì ń retí ìròyìn náà lọ́wọ́ wọn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tí ilé náà ní wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn ilé ìdáná. Láàárín ibi tí wọ́n ń sùn àti ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn wà, àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì tí ó ga, tí ó yí bìrí láàárín, tí irin ìdìmú rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan péré.

Bí apòògùn bá dé ní Ọjọ́rú, yóò bá Màmá nísàlẹ̀ nínú pálọ̀, tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n ti wọ ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà tí ó ń dán, tí wọ́n so okùn rẹ̀ dáadáa. Aṣọ funfun á wà lórí tábìlì. Àárín aṣọ funfun náà ni àpótí oògùn máa ń wà, àpótí oníke tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pín fún àwọn arúgbó, tí ó ní ojúlé kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ọ̀sẹ̀. Apòògùn ni ó ń to oògùn sínú rẹ̀ ní Ọjọ́rú kan, òun náà ni ó ń ṣí i wò ní Ọjọ́rú kejì. Gbogbo ojúlé rẹ̀ a máa ṣófo. Kò sí arúgbó mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ tí àpótí rẹ̀ ń mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Inú apòògùn a dùn, á ní, "Màmá, ẹ gba máàkì kíkún," Màmá a sì wo ẹ̀gbẹ́ kan, bí ọmọ tí wọ́n yìn lójú ẹgbẹ́, tí kò fẹ́ kí eyín òun yọ.

Ohun kan ṣoṣo ni ó ń kọ ọ́ lóminú. Ní gbogbo Ọjọ́rú, bí ó bá fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Màmá, á bá a pé ó ti lọ sílẹ̀ jù. Bí ó bá sì ní kí wọ́n dìde dúró, ìfúnpá náà á já lulẹ̀ bíi garawa tí okùn rẹ̀ já sínú kànga. Ojú Màmá á ṣú, wọn á di àga mú, wọn á ní kò sí nǹkan kan. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí Màmá ń pè ní oògùn ìtọ̀, èyí tí ń fa omi kúrò lára kí ọkàn tí ó ti ń rẹ̀ lè rí ìsinmi. Kò pẹ́ tí apòògùn fi gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé oògùn ìtọ̀ yìí ni ọ̀daràn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Màmá ṣubú, ilé ìdáná ni, níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbé omi tíì kaná fún apòògùn. Ìgbáròkó nìkan ni ó wú. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn gbọ́. Akọ́lé ni ọmọ náà, ọkùnrin gìrìwò kan tí ó máa ń fi ohùn kọ́ ilé kí ó tó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó ní ilé ìtọ́jú arúgbó kan wà tí òun ti rí àyè níbẹ̀, ilé ilẹ̀ ni, kò ní àtẹ̀gùn kankan. Màmá béèrè bóyá ibi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbàlagbà bí adìyẹ ni ó ń sọ. Ó ní ibi tí wọn kò ti ní kú sí orí àtẹ̀gùn ni òun ń sọ. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí apòògùn.

"Àǹtí Apòògùn, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn ò ní sùn nínú ilé yìí mọ́."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Apòògùn kò ronú kí ó tó fèsì. "Wọn ò ní ṣubú mọ́," ni ó sọ. "Mo mọ ohun tó ń gbé wọn ṣubú." Màmá gbọ́ ọ. Ojú tí wọ́n fi wò ó, ojú ẹni tí ó ti fi ilé rẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́ ni.

Apòògùn kò lágbára láti yọ oògùn kúrò fúnra rẹ̀. Dókítà tí ó kọ ọ́ ni yóò fọwọ́ sí i. Dókítà náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tí èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni. Apòògùn jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn títí pákó bẹ́ǹṣì náà fi ya ìlà sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ó wọlé, dókítà kò gbé ojú sókè kúrò lórí ìwé tí ó ń kọ. Ó ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, òun yóò wò ó. Ó kọ ọ́. Ó tún un kọ. Ó kọ ọ́ nígbà kẹta. Obìnrin tí ó ń gba àlejò níbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àga. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, obìnrin náà ní dókítà yóò rí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní dókítà ń rí i lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní dókítà ti rí i. Kò sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀.

Ó gbé ìbínú náà lọ bá Báwo-lo-ṣe-mọ̀, ó rò pé yóò bá òun pe dókítà, àgbà sí àgbà. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ láti òkè délẹ̀, ó sì bi í léèrè bí ó ṣe mọ̀ pé oògùn ìtọ̀ ni.

"Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ẹ̀rọ sọ bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́rú. Kí ló sọ lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Ọkọ̀ kì í lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, sà."

"Mi ò bi ọ́ nípa ọkọ̀."

Ó jáde. Ó fẹ́ fi ilẹ̀kùn gbá férémù, ó rántí pé ilẹ̀kùn ọ̀gá ni, ó rọra pa á dé, èyí sì tún bí i nínú sí i. Lálẹ́, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bí wọ́n bá bá òkú nílẹ̀, Báwo-lo-ṣe-mọ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tí òkú náà ń ṣe lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní káńtà òun ṣì wà níbi tí ó fi í sí.

Ní Ọjọ́rú tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ akọ́lé ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé. Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn tí ó kéré jù lọ nísàlẹ̀. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ wọn, tí okùn rẹ̀ ti so. Èkejì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti fi aṣọ di ọrùn ọwọ́ òsì wọn. Ibi tí àtẹ̀gùn ti yí ni wọ́n ti yọ̀, wọ́n ní ojú àwọn ṣàdédé ṣókùnkùn. Ọmọ wọn kò pariwo lọ́jọ́ náà. Ó kàn ní ìparí oṣù, àwọn yóò kó ẹrù wọn ní ìparí oṣù, ohùn pẹ̀lẹ́ tí ó fi sọ ọ́ sì burú ju gbogbo igbe tí ó ti ké rí lọ.

"Ìwọ lo ní mi ò ní ṣubú mọ́," ni Màmá wí fún apòògùn.

Ó wọn ìfúnpá wọn. Kò tíì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú bí i sí dókítà, inú bí i sí Báwo-lo-ṣe-mọ̀, ó sì bí i débi pé ayọ̀ kékeré kan yọ́ wọ àárín ìbínú náà: ṣebí òun ti sọ ọ́! Ó ṣí àpótí oògùn tí ó wà lórí aṣọ funfun. Ó ṣófo, bí ó ṣe máa ń ṣófo. Ó tún to oògùn kún inú rẹ̀, ó sì lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ó rántí pé òun náà ní àlejò lọ́la. Báwo-lo-ṣe-mọ̀ yóò bá a lọ sí ilé kan láti wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó bá rí níbẹ̀ sì wà lára ohun tí wọn yóò fi mọ̀ bóyá ó yege. Nítorí náà ó ṣe ohun tí gbogbo wọn máa ń ṣe. Ó nu àpò rẹ̀. Ó to àwọn káàdì rẹ̀. Ó sì pe ilé tí wọ́n fẹ́ lọ, ilé àgbẹ̀dẹ kan tí ó ti darúgbó, tí ariwo òòlù ti jẹ etí rẹ̀ díẹ̀, tí a gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sókè fún.

"Bàbá, ọ̀gá mi ń bọ̀ wá wò wá lọ́la o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i pé ẹ lo oògùn yín, kí àpótí yẹn lè dáa lójú."

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi," ni àgbẹ̀dẹ dáhùn. "Kí ó tó dé, gbogbo rẹ̀ á ti ṣófo. Mi ò ní dójú tì ọ́."

Ó ti gbé fóònù sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ létí. Kí ó tó dé, gbogbo rẹ̀ á ti ṣófo. Ó tún gbé fóònù, ó ní kí Bàbá jọ̀wọ́ má lo ju ti òní lọ, kí ó fi èyí tí ó bá ṣẹ́kù sílẹ̀. Ó gbà á ní àsìkò kí àgbẹ̀dẹ tó gbọ́ ọ yé, nítorí pé ohun tí ó ń sọ lòdì sí ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Ọjọ́rú ni Màmá ṣubú nínú ilé ìdáná. Ọjọ́rú ni wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tí ó ti gbọ́ pé wọ́n ṣubú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta rí.

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àpótí méjì lè ṣófo bákan náà, kí ọ̀nà tí ohun inú wọn gbà lọ má jọra. Lọ́jọ́ kejì, nílé àgbẹ̀dẹ, Báwo-lo-ṣe-mọ̀ wo àpótí tí ó ṣófo dé ibi tí ó yẹ kí ó ṣófo dé, ó sì béèrè bí ó ṣe mọ̀ pé Bàbá gbé wọn mì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìbéèrè náà kò bí i nínú. Ó ní òun kò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn iṣẹ́, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé Màmá Olùkọ́. Pálọ̀ ṣófo. Kò sí aṣọ funfun lórí tábìlì. Ó pè láti ìsàlẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Apòògùn ni."

Ohùn náà tún wá láti òkè. "Òní kì í ṣe Ọjọ́rú."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Bí o bá mọ̀, kí lo wá ṣe?"

Ó gun òkè. Màmá wà lójú fèrèsé, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àpótí ìjókòó. Kò sí ìbọ̀sẹ̀, kò sí bàtà. Ẹsẹ̀ náà ti wú, awọ rẹ̀ ń dán bí awọ tòmátì. Apòògùn kúnlẹ̀ tì wọ́n. Màmá ní ẹsẹ̀ àwọn kò sí nínú iṣẹ́ òní. Ó bẹ̀ wọ́n, ó sì fi ìka tẹ ọrùn ẹsẹ̀ náà. Ihò ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀, kò dìde. Láti ọjọ́ tí ó ti ń wọ ilé yẹn, kò tí ì rí ẹsẹ̀ Màmá rí. Bàtà ni ó ń rí, ó sì máa ń yin bàtà náà.

Àpótí oògùn wà lẹ́bàá ibùsùn. Nínú ojúlé gbogbo ọjọ́ tí ó ti kọjá láti Ọjọ́rú, wọ́n ti lo méjì, oògùn ìtọ̀ nìkan ni ó dá jókòó síbẹ̀. Apòògùn gbé àpótí náà sórí itan ara rẹ̀, ó sì dúró, bí Màmá ṣe máa ń dúró de ẹni tí kò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ṣé o ti rí ìtọ̀ tó ń gbọ́ràn rí?" ni Màmá bẹ̀rẹ̀. "Bí mo bá gbé nǹkan yẹn mì, ó ti pè mí nìyẹn. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo gun òkè, mi ò tíì jókòó, ó tún ti pè mí. Orúnkún ta ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́?"

"Ẹ ò wá lò ó."

"Mò ń lò ó. Mo máa ń lò ó kí o tó dé."

"Gbogbo rẹ̀, Màmá?"

"Àwọn tó bá ṣẹ́kù. Mo lo díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lo ìyókù láàárọ̀ Ọjọ́rú, nítorí mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni màá wà títí o fi máa lọ. Ṣé àpótí tó kún ni kí n gbé síwájú rẹ ni? Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe ọ̀gá, kò sí alábẹ̀wò tó bá eruku ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀ iléèwé mi rí."

"Màmá, èmi kì í ṣe alábẹ̀wò."

"Kí wá ni ọ́? Ọjọ́ kan náà lò ń wá. Ò ń ṣí àpótí. Ò ń fún mi ní máàkì."

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́: apòògùn ni ẹni náà, kò sì mọ̀ pé ẹ̀gún wà lọ́wọ́ òun. Ó fẹ́ bínú sí Màmá, ìbínú náà kò gba ibẹ̀ lọ. Ó kàn ṣàlàyé pé oògùn tí ó yẹ kí ó tú omi ara sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pé ìyẹn ni ó ń mú ojú wọn ṣókùnkùn, tí ẹsẹ̀ sì ń wú ní ọjọ́ yòókù tí wọn kò lò ó. Màmá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ó parí, wọ́n ní kí ó má sọ fún ọmọ àwọn.

Kò tíì mọ bí yóò ṣe gbé ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí fóònù rẹ̀ dún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Obìnrin ilé ìwòsàn ni, ohùn rẹ̀ ń dùn. Dókítà ti fọwọ́ sí i. Kí wọ́n yọ oògùn ìtọ̀ Màmá Olùkọ́ kúrò láti òní lọ.

Ó kù díẹ̀ kí apòògùn sọ fóònù náà mọ́ ògiri. Ohun tí ó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn tọrọ, ọjọ́ tí kò wúlò mọ́ ni wọ́n fún un. Bí wọ́n bá sì ṣe é báyìí, ẹsẹ̀ Màmá yóò wú dé orúnkún, omi yóò sì máa wá ọ̀nà lọ sí àyà. Ó padà sórí bẹ́ǹṣì náà. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà gbé ojú sókè.

"Apòògùn, ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé kí n yọ ọ́. Mo yọ ọ́. Ẹ tún ní kí n dá a padà. Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n máa lo ẹyọ kan láàárọ̀, sà."

"Ìyẹn ni mo kọ látìbẹ̀rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Dókítà wò ó díẹ̀, ó fa ìwé mọ́ra, ó kọ ọ́. Nígbà tí apòògùn ń jáde, obìnrin tí ń gba àlejò ní ó dàbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Apòògùn mọ̀ pé ilẹ̀ kò ní í ṣú kí gbogbo ilé ìwòsàn tó gbọ́ nípa apòògùn tí ó yọ ọ̀kan kúrò tí ó tún wá tọrọ rẹ̀ padà.

Ó bá Màmá sọ ọ́ ní tààrà pé bí ọmọ wọn kò bá mọ òtítọ́, kò sí ohun tí yóò dá ìparí oṣù dúró. Nígbà tí akọ́lé dé lọ́jọ́ yẹn, ó ti kó páálí òfìfo wá fún ẹrù, Màmá sì dìde dúró níwájú àga wọn, wọ́n di ọwọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò fo ibì kankan. Wọn kò ní kí apòògùn ran àwọn lọ́wọ́. Akọ́lé wo ìyá rẹ̀, ó wo àpótí oníke, ó jókòó sórí páálí kan, páálí náà sì fọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ó ní ṣé nítorí kí àpótí yẹn lè mọ́ ni òun kò fi rí oorun sùn láti ọjọ́ yìí wá. Màmá ní ó kéré tán, ó ti mọ̀ báyìí. Akọ́lé ní bí wọ́n bá fẹ́ dúró nínú ilé yìí, kí ibùsùn wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Màmá kò fẹ́. Fèrèsé yàrá yẹn kọjú sí ògiri aládùúgbò. Kí ni kí àwọn máa wò níbẹ̀, wọ́n béèrè, búlọ́ọ̀kù? Wọ́n wá yíjú sí apòògùn.

"Ṣebí Ayọkankúrò ni wọ́n ń pè ọ́. Ṣé o ò lè yọ àtẹ̀gùn kan kúrò ni?"

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò lè yọ ọ́. Màmá wo àtẹ̀gùn náà pẹ́, láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ó ti yí. Wọ́n ní kí ọmọ àwọn gbé ibùsùn náà wá, kí ó má sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ibùsùn họ ògiri.

Apòògùn tọrọ lọ́wọ́ Báwo-lo-ṣe-mọ̀ pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ lọ́jọ́ tí arúgbó kò retí wọn. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò sí. Nítorí náà ó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ilẹ̀ tutù, ó bá Màmá nínú yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n na ẹsẹ̀ tí kò wú mọ́ sílẹ̀, tí ẹ̀rọ sì sọ ohun kan náà nígbà tí wọ́n jókòó àti nígbà tí wọ́n dìde. Àpótí oògùn wà lórí tábìlì kékeré. Nínú ojúlé àná, hóró kan ṣẹ́kù.

"Èyí ńkọ́, Màmá?"

"Mi ò lò ó lánàá. Ọ̀rẹ́ mi wá kí mi, mi ò fẹ́ máa dìde láàárín ọ̀rọ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ yìn wọ́n, ó gbé ìyìn náà mì.

"Kò sí máàkì?" ni Màmá béèrè.

"Kò sí máàkì mọ́, Màmá."

Màmá mi orí. Wọ́n kọjú sí fèrèsé, níbi tí kò sí nǹkan kan àyàfi ògiri aládùúgbò àti ọ̀pá omi kan tí ó ti dípẹtà. Aago iléèwé ti dún tipẹ́ ní òdì kejì ilé. Wọ́n gbé etí sókè.

"Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé," ni wọ́n wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Màmá?"

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń sáré."